Mitigation: Bí A Kò Bá Lè Dá Ewu Dúró, Ẹ Jẹ́ Kí A Dín In Kù



Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun Ọba ni, Ẹni tí ń rọ òjò láti sánmà tí ó sì fi ń jí ilẹ̀ tó ti kú dìde. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Ìsìlámù, ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí a parí kéwú ní Mọ́lété níbí, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ń múra ìdánwò WAEC mú ìwé Jọ́gíráfì rẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Ùsítáàsì, wọ́n kọ flood mitigation síbí. Mo ti wo dikíṣọ́nárì, mo lóye rẹ̀ díẹ̀, àmọ́ n kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún màmá mi ní Yorùbá." Mo fẹ́ dá a lóhùn kíá pé "dídènà omíyalé" ni. Kí n tó la ẹnu ni mo rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdènà ọ̀tọ̀, mitigation ọ̀tọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀.

Dídènà ni pé kí nǹkan burúkú náà má ṣẹlẹ̀ rárá. Mitigation ni pé kí ó má le tó bí ì bá ti le. Òjò tó ń bọ̀ láti sánmà, ta ni yóò dènà rẹ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dá tán, bóyá ilẹ̀ yàrá la ó máa nù ni o, tàbí òkú la ó máa wá kiri, èyí wà nínú ohun tí a ti ṣe sílẹ̀ kí ó tó rọ̀. À-ṣe-sílẹ̀ ni à-bọ̀-wá-bá.

Láti inú èdè Látìnì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí ohun tó rọ̀, tí kò le. Ní èdè Lárúbáwá, èyí tó sún mọ́ ọn ni takhfīf, kí a mú nǹkan fúyẹ́. Ní Yorùbá, mo ní kí ọmọ náà sọ fún ìyá rẹ̀ pé àdínkù ewu ni, tàbí dídín ọṣẹ́ kù. Àwọn àgbà wa sì ti ní òye rẹ̀ tipẹ́. Bí àdánù bá bá ènìyàn, tí ẹ̀mí kò sì lọ sí i, ohun tí wọ́n fi ń kí i ni pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Wọn kò sọ pé omi kò dànù o. Omi dànù. Ṣùgbọ́n agbè tí a ó fi pọn òmíràn ṣì wà lọ́wọ́. Ẹni tó ń ṣe mitigation, agbè ló ń dáàbò bò.

Ẹ óò rí i pé ojoojúmọ́ là ń ṣe é. Akoto tí ọlọ́kadà dé kò sọ pé kí ó má ṣubú, orí rẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí ó fọ́. Omi iyọ̀ àti ṣúgà tí ìyá ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru kì í dá ìgbẹ́ náà dúró lójú ẹsẹ̀, àmọ́ kì í jẹ́ kí omi ara ọmọ náà gbẹ. Ní kóòtù, bí adájọ́ bá ti dá ẹnì kan lẹ́bi, lọ́yà rẹ̀ a dìde láti bẹ̀bẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyí tó ṣe irú rẹ̀, ó ní ọmọ kéékèèké nílé. Lọ́yà kò sọ pé kò jẹ̀bi mọ́, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí ìyà náà fúyẹ́ ni. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́ tó ń yí padà náà ń lò ó: dídín èéfín tó ń mú ayé gbóná kù ni wọ́n ń pè ní mitigation. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, ẹ ṣọ́ra níbi kan o. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ "mitigate against". Àṣìṣe ni. "Militate against" ni wọ́n ní lọ́kàn, ìyẹn ni kí nǹkan máa gbógun ti nǹkan. Mitigate kì í gbógun ti nǹkan, ó ń mú un rọ̀ ni.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni. Ẹ̀sìn wa kún fún un. Ní òru Mi'raj, ìrun àádọ́ta ni Ọlọ́hun kọ́kọ́ ṣe ní ọ̀ranyàn. Ànábì Mūsā ni ó ń gba Ànábì wa nímọ̀ràn pé kí ó padà lọ bẹ̀bẹ̀ fún ìfúyẹ́, títí ó fi di márùn-ún, tí ẹ̀san rẹ̀ sì wà ní àádọ́ta. Arìnrìn-àjò ń gé ìrun kúrú. Aláìsàn ń jókòó kírun. Ẹni tí kò rí omi ń ṣe tayammum. Ọlọ́hun tó mọ̀ pé aláìlágbára ni Òun dá ènìyàn, Òun fúnra Rẹ̀ ló kọ́ wa pé ìnira tí kò bá ṣeé mú kúrò pátápátá, ó ṣeé mú fúyẹ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya lẹ́yìn òjò àrọ̀ìdá. Ẹ̀mí tó lọ lé ní 100, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì di aláìnílé. Bí ẹ bá bi àwọn àgbà tó wà ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, ní Ọjà'ba, ní Mápó, wọn yóò sọ ibi tí wọ́n wà lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni omíyalé ti di orúkọ tí ará Ìbàdàn fi ń ka ọdún. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, òjò tó rọ̀ tó mìlímítà 187. Ìsédò Ẹlẹ́yẹlé kún bò, omi gbé afárá lọ, ó gbé ilé lọ, ẹ̀mí tó lọ tún lé ní 100.

Ẹ fi kàlẹ́ńdà tiwa wo ọjọ́ kejì yìí dáadáa. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Oṣù Ramadan ọdún 1432 ló bọ́ sí, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Jímọ̀ tó kẹ́yìn ààwẹ̀ nìyẹn, òru tó sì tẹ̀lé e ni òru kẹtàdínlọ́gbọ̀n tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń wá Laylatul-Qadr. Ìlú tó ń gbààwẹ̀ ni omi náà wọ̀. Àwọn tí wọ́n ti kí Jímọ̀ ni, àwọn tí àdúà wà lẹ́nu wọn ni.

Ẹni tí omi gbé lọ lọ́jọ́ náà, a kò ní bú u, a kò sì ní sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló pa á. Ànábì wa ti sọ fún wa pé Mùsùlùmí tó bá kú sínú omi wà lára àwọn shahīd. Kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn. N kò sì sọ pé àdúà kò wúlò. Ọlọ́hun nìkan ló mọ iye ẹ̀mí tí àdúà òru yẹn gbà sílẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé àdúà kì í kó pàǹtí kúrò nínú gọ́tà, ọwọ́ ló ń kó o. Nígbà tí a bá sì fi ọwọ́ wa dí ojú omi tán, tí omi wá yalé, tí a ní "àmúwá Ọlọ́hun ni, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe," a ń fi orúkọ Ọlọ́hun bo àìbìkítà wa mọ́lẹ̀ ni.

Ẹ gbọ́ bí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ṣe ṣe nípa òjò. Anas ọmọ Mālik ló gba hádíìsì náà wá, ó sì wà nínú Bukhari àti Muslim. Ọ̀dá dá ní Mẹ̀dínà. Bí Ànábì ti ń ka kútúbà Jímọ̀ lọ́wọ́, ọkùnrin kan wọlé, ó ní ẹran ọ̀sìn ti ń kú, kí ó bá wọn tọrọ òjò. Ó tọrọ rẹ̀, òjò sì rọ̀ títí di Jímọ̀ kejì. Ọkùnrin kan tún dìde, ó ní ilé ti ń wó, ọ̀nà ti dí, kí ó bẹ Ọlọ́hun kí òjò dá. Kí ni Ànábì tọrọ? Kò ní kí òjò kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá, nítorí ìkẹ́ ni òjò. Ó bẹ Ọlọ́hun kí ó máa rọ̀ sí àyíká wọn, kí ó má rọ̀ lé wọn lórí: sórí òkè, sínú àfonífojì, sí ìdí igi. Àdúà àdínkù ewu nìyí o. Kí omi wà, kí ó gba ibi tí yóò ti ṣàǹfààní. Ìwọ tó ń ṣe àdúà yìí nígbà tí òjò bá pọ̀, tí o sì ti kọ́ fẹ́ǹsì rẹ dí ojú ibi tí omi yóò gbà lọ sí àfonífojì, ó yẹ kí o ronú: ẹnu rẹ ń bẹ̀bẹ̀, ọwọ́ rẹ ń tako ẹnu rẹ.

Ẹ tún wo Ànábì Yūsuf. Ọlọ́hun fi mọ̀ ọ́n pé ọdún ọ̀dá méje ń bọ̀ ní Íjíbítì. Kò sí ibi tí a ti kà á pé ó sọ pé òun yóò dá ọ̀dá náà dúró. Kádàrá ni, ó sì dé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n fi ọdún méje àkọ́kọ́ gbin oko gidi, kí wọ́n jẹ díẹ̀, kí wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ sínú ṣírí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní abúlé mọ ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Àgbàdo tí a fi háhá so rọ̀ sórí ààrò, kòkòrò kì í tètè rí i jẹ bí èyí tí a ti yìn. Ọ̀dá dé, ebi kò pa ìlú run. Ànábì ni Yūsuf o, a kò lè sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó.

Ẹni tí yóò sọ pé "bí Ọlọ́hun bá ti kọ ọ́, ó ti kọ ọ́ náà nìyẹn," kí ó gbọ́ ti Sàyídínà Umar. Ó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù nígbà kan. Nígbà tí ó dé ibì kan tí wọ́n ń pè ní Sargh, wọ́n ní àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níwájú. Ó bá àwọn sàábé jíròrò, ó sì pinnu láti kó àwọn ènìyàn padà. Abū Ubaydah bi í léèrè pé ṣé kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Umar dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, inú kádàrá Ọlọ́hun ni àwọn ti ń sá bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Ó fi darandaran ṣàpèjúwe: bí ẹni tó ní ràkúnmí bá dé àfonífojì tó ní etí méjì, tí ọ̀kan ní koríko tí èkejì gbẹ, èyí tó bá fi ẹran rẹ̀ sí nínú méjèèjì, pẹ̀lú kádàrá Ọlọ́hun náà ni. Lẹ́yìn náà ni Abdur-Rahmān ọmọ Awf wá jẹ́rìí pé òun gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì pé kí ẹnikẹ́ni má wọ ìlú tí àrùn náà bá wà. Kádàrá ni omi tó ń bọ̀. Kádàrá náà ni ṣọ́bìrì tó wà lọ́wọ́ rẹ.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ níbí. Ìdagẹ̀rẹ̀ ni ilé-kéwú wa wà. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Àìkú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbálẹ̀, èmi a sì máa yìn wọ́n pé ìmọ́tótó wà lára ìgbàgbọ́. N kò bi wọ́n rí nípa ibi tí wọ́n ń gbá ìdọ̀tí náà sí. Inú gọ́tà ni. Ní ọjọ́ kan, òjò ńlá rọ̀, gọ́tà kọ omi, omi sì ya wọ ṣọ́ọ̀bù ìyá àgbà kan tó ń ta ẹ̀kọ nísàlẹ̀ wa. Àpò àgbàdo méjì ló bàjẹ́. Mo lọ kí i, mo ní, "Ìyá, ẹ kú àdánù o. Àmúwá Ọlọ́hun ni, ẹ fara dà á." Wọ́n gbá ọ̀rá piọ́ wọ́tà jọ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Àáfà, Ọlọ́hun kọ́ ló ń mu piọ́ wọ́tà."

N kò rí èsì fọ̀. Mo san owó àpò méjèèjì náà nítorí pé ẹ̀tọ́ wọn ni, kì í ṣe sàráà. A ra dírọ́ọ̀mù méjì sí ẹnu ọ̀nà ilé-kéwú, a sì ń san owó fún ẹni tó ń kó o. Òjò ṣì ń rọ̀, omi ṣì máa ń kún díẹ̀, àmọ́ kò tíì padà wọ ṣọ́ọ̀bù ìyá. Kò dáwọ́ dúró, ó dín kù. Ànábì wa ka mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà mọ́ àwọn ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Bí mímú un kúrò bá jẹ́ ìgbàgbọ́, kí ni a ó pe ẹni tó ń gbé e sí ọ̀nà aládùúgbò rẹ̀?

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ: "Ùsítáàsì, ṣé gọ́tà wa ló gbé afárá lọ ni? Ìjọba ńkọ́?" Òótọ́ ni. Àwọn onímọ̀ fiqhu wa ní ìlànà kan pé ìpalára, a gbọ́dọ̀ tì í sẹ́yìn bí agbára bá ṣe mọ. Bí agbára bá ṣe mọ: ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí agbára rẹ̀ pọ̀, ẹrù tirẹ̀ ló wúwo jù. Iṣẹ́ kọnkéré tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí odò Ògùnpa gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Lẹ́yìn ti 2011 ni Báńkì Àgbáyé tó fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 200 dọ́là ní 2014 fún iṣẹ́ ìkápá omíyalé ní Ìbàdàn. Ní 2022, omíyalé pa ènìyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ìsédò Dasin Hausa ní Adámáwá, tó yẹ kí ó máa gba omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ láti Lagdo ní Kamẹrúùnù, kò tíì parí títí di ìgbà yẹn. Ọlọ́hun yóò bi olórí léèrè. Ẹ jẹ́ kí a máa bi wọ́n léèrè láyé níbí náà, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ àti ìwé kíkọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tiwọn kò pa ìbéèrè tiwa rẹ́. Ìjọba kọ́ ló ń da ààtàn sínú odò Kúdẹtì ní òru.

Nítorí náà, kí oṣù kẹjọ tó dé, oṣù tí ti 1980 àti ti 2011 ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan jókòó. Ẹ kó gọ́tà iwájú ilé yín, kí ẹ sì kó yẹ̀pẹ̀ tí ẹ bá wà jáde kúrò létí rẹ̀ kí ó má padà wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀, má jẹ́ kí owó pọ́ọ́kú mú ọ kọ́lé sójú ọ̀nà odò. Ẹ kó ìwé ẹ̀rí, ìwé ilẹ̀ àti Àlùkùránì sókè níbi tí omi kò ní dé. Ẹ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ pé omi tó bá ń ṣàn lójú títì, wọn kò gbọ́dọ̀ là á kọjá, ì báà ṣe orúnkún ni ó mọ. Kí wọ́n dúró, kí wọ́n pẹ́ délé, kí a bá wọn wí fún pípẹ́ sàn ju kí a máa wá wọn kiri lọ. Àwa olùkọ́ ilé-kéwú, bí òjò bá ṣú, ẹ má lé ọmọ ọlọ́mọ jáde nítorí pé àkókò ti tó.

Sí ẹ̀yin Lèmọ́mù wa, mo fi ọ̀wọ̀ sọ èyí. Ibn Abbās pàṣẹ fún oníperun lọ́jọ́ òjò pé kí ó ké sí àwọn ènìyàn kí wọ́n kírun nílé wọn, ó sì fi yé wọn pé Ànábì ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní mẹ́síhábì Mālik tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tẹ̀lé, a lè kó Magrib àti Ìṣáì pọ̀ ní mọ́sáláṣí ní òru òjò. Takhfīf ni. Ẹ jẹ́ kí a lò ó ní òru tó bá yẹ, kí arúgbó má bàa ṣubú sí kòtò nínú òkùnkùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ mú Jímọ̀ kan lóṣù, kí ẹ kó gọ́tà àdúgbò mọ́sáláṣí yín láàárọ̀ kí ẹ tó wẹ̀wẹ̀ Jímọ̀. Ẹ fi níyà sí i, ìjọ́sìn ni. Bí màmá yín bá sì bi yín pé kí ni mitigation, ẹ má wulẹ̀ ṣàlàyé púpọ̀. Ẹ gbé ṣọ́bìrì.

Kí Ọlọ́hun rọ òjò ìkẹ́ fún wa, kí Ó má jẹ́ kí ó di òjò ìyà. Kí Ó kẹ́ àwọn tí omíyalé mú lọ, kí Ó tu ẹbí wọn nínú. Kí Ó fún àwọn olórí wa ní ìbẹ̀rù Rẹ̀, kí Ó sì fún àwa náà ní ọwọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ tẹ̀lé àdúà ẹnu wa. Àmín.